Ìgbéyàwó Onítíkẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1952, ní ìlú New Orleans ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sanwó kí wọ́n tó wọ gbọ̀ngàn Municipal Auditorium. Orin nìkan kọ́ ni wọ́n bá wá. Ìgbéyàwó ni wọ́n wá wò. Hank Williams, olórin kọ́ńtírì tí òkìkí rẹ̀ borí ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà náà, fẹ́ gbé Billie Jean Jones níyàwó lórí pèpéle, lójú gbogbo ayé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe é lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n pe tọ̀sán ní ìdánrawò, wọ́n sì gbowó. Nígbà tó dalẹ́, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún gbowó. Bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tó ṣáájú ni tọkọtaya náà ti lọ bá adájọ́ kékeré kan ní ìlú Minden, nínú ìpínlẹ̀ Louisiana kan náà, tí ó ti so wọ́n pọ̀ láìsí ariwo. Ohun tí wọ́n wá tà ní New Orleans, òjìji rẹ̀ ni.

Nínú gbogbo ìtàn ọkùnrin yìí, ibi tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ló máa ń dá mi dúró jù. Ikú rẹ̀ ni àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa sọ, nítorí pé ó kú ní kékeré, ó sì kú sójú ọ̀nà. Irú ikú bẹ́ẹ̀ máa ń dùn ún ròyìn. Ní tèmi, ohun kan ti kú ṣáájú rẹ̀, kì í sì í ṣe lára òun nìkan. Bí a bá ń sọ pé ìwà ti bàjẹ́ láyé, ojú wa kì í kúrò lára àwọn ọ̀dọ́: irú orin tí wọ́n ń kọ, irú ṣòkòtò tí wọ́n ń wọ̀, bí wọ́n ṣe ń kí àgbà lóòró. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ ka ìyẹn sí. Ohun tí mo máa ń wò lára àwùjọ ni ohun tí wọ́n ń tà, àti ohun tí wọ́n ti búra pé àwọn kò ní tà láéláé. Ibi tí ààlà àárín méjèèjì bá sún dé ni mo fi ń mọ ibi tí ìwà wọn dé.

Mount Olive, ìletò kan ní ìpínlẹ̀ Alabama, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 1923. Hiram ni wọ́n sọ ọ́. Hank ló wá sọ ara rẹ̀ nígbà tó ń wá orúkọ tó máa rọrùn lẹ́nu èrò. Bàbá rẹ̀, Elonzo, ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn agégẹdú. Ó ti ja Ogun Àgbáyé Kìíní, nígbà tí ọmọ sì wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje, àìsàn gbé bàbá lọ sí ọsibítù àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì pẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyá rẹ̀, Lillie, obìnrin tí kì í gba gbẹ̀rẹ́, ló gbé ilé ró. Ó ń ya yàrá fún àlejò, ó ń se oúnjẹ fún wọn, ó sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Láti Georgiana wọ́n kó lọ sí Greenville. Ní 1937 wọ́n bọ́ sí Montgomery, olú ìlú ìpínlẹ̀ náà. Àbùkù kan wà lára ọmọ náà tí wọ́n bí mọ́ ọn: egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kò pa pọ̀ dáadáa. Ìrora ẹ̀yìn yìí bá a dé ọjọ́ ikú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sọ́kàn, nítorí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ọtí rẹ̀ kì í sábà rántí rẹ̀.

Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà lágbègbè yẹn tó ń gbé gìtá rìn kiri òpópónà. Rufus Payne lorúkọ rẹ̀, Tee-Tot ni gbogbo èèyàn ń pè é. Òun ló kọ́ Hank. Owó ẹyọ díẹ̀ ni Hank ń san. Bí kò bá sówó, oúnjẹ tí Lillie sè ni olùkọ́ ń jẹ. Ohun tó kọ́ ọmọ náà sì ju ibi tí ìka máa tẹ lórí okùn lọ. Ó kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń di èrò mú kí wọ́n má lè kọjá lọ, bí a ṣe ń fi ọwọ́ kan náà ta gìtá kó sì tún máa dún bí ìlù, bí ohùn ṣe lè kẹ́dùn láìsọ ara rẹ̀ di ẹkún. Ẹni tó bá mọ orin àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó wá gbọ́ Hank, kò ní wá ẹlẹ́rìí mìíràn.

Hank kò sẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Nígbà tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ó sọ fún oníwèé ìròyìn pé ọ̀dọ̀ Tee-Tot ni ẹ̀kọ́ orin tí òun ní ti wá. Àwa ń pe irú ìyẹn ní ìjúbà, a sì máa ń yìn ín. Ṣùgbọ́n ìbà yìí pẹ́ kó tó dé. Payne ti kú ní Montgomery láti 1939, nínú òṣì, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ òkú Lincoln. Títí dòní kò sẹ́ni tó lè nàka sí ibi tí sàréè rẹ̀ wà gan-an; òkúta ìrántí kan ni wọ́n wá gbé síbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí àwo orin kankan tó ní ohùn rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó fi ń gba abọ́ oúnjẹ ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di olówó, tí kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ẹbí rẹ̀.

Àwọn tó ń ṣàárò àtijọ́ pọ̀ nínú àwọn olólùfẹ́ orin kọ́ńtírì. Wọ́n á ní ayé Hank ni ayé òótọ́, ìgbà tí olórin ń kọ ohun tójú rẹ̀ rí, tí àdúrà ń lọ nínú ilé, tí ọmọ ń gbọ́ràn sí ìyá lẹ́nu. Mo fẹ́ràn orin ìgbà náà bíi tiwọn, ṣùgbọ́n mi ò lè bá wọn jẹ́rìí yẹn. Nínú ayé òótọ́ tí wọ́n ń sọ yìí, ẹni tó kọ́ Hank lórin kò gbọdọ̀ jókòó sáàárín àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún Hank. Òfin ló sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tó sì ṣe òfin náà kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Ohun tó ń jẹrà máa ń pẹ́ kó tó rùn.

Ní Montgomery, ọmọdékùnrin náà a gbé gìtá dúró síwájú ilé iṣẹ́ rédíò WSFA, a máa kọrin fún àwọn tó ń kọjá, títí tí wọ́n fi pè é wọlé. Wọ́n fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, 15 dọ́là sì ni owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ó kó ẹgbẹ́ olórin jọ, ó pè wọ́n ní Drifting Cowboys. Ní 1942 rédíò yẹn lé e nítorí ọtí. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún.

Oṣù kejìlá 1944 ló fẹ́ Audrey Sheppard, ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́. Ilé epo Texaco kan ní ìlú Andalusia, ní Alabama, ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Kò sí èrò ìwòran níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sanwó, àfi ẹni tó bá wá ra epo. Ìgbéyàwó yẹn kò tilẹ̀ bófin mu tán, nítorí Audrey kò tíì lo iye ọjọ́ tí òfin ìpínlẹ̀ náà là sílẹ̀ lẹ́yìn tó kọ ọkọ àárọ̀. Ilé wọn kò sì tòrò: ìjà, ìlàjà, ìjà. Síbẹ̀, bí mo bá gbé ilé epo yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn New Orleans, ti ilé epo ni mo bọ̀wọ̀ fún. Tiwọn ni. Bó bá dára, bó bá burú, àwọn méjèèjì ló kàn.

Ohun tó tẹ̀ lé e yára. Ní 1946 ó lọ sí Nashville, ó bá Fred Rose pàdé, ẹni tó mọ bí a ṣe ń gé orin tó gùn jù kó lè jókòó. Ní 1947 ilé iṣẹ́ àwo MGM gbà á. Ní 1948 ó wà lórí ètò Louisiana Hayride ní ìlú Shreveport. Ní 1949 ni “Lovesick Blues” jáde, tó sì jókòó sí ipò kìíní fún ọ̀sẹ̀ 16. Orin náà kì í tilẹ̀ ṣe tirẹ̀. Àwọn mìíràn ti kọ ọ́ ṣáájú. Ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún yẹn ló kọ́kọ́ dé orí pèpéle Grand Ole Opry, ètò rédíò tó jẹ́ pé bí olórin kọ́ńtírì kò bá tíì débẹ̀, kò tíì dé ibì kankan. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni èrò pè é padà.

(Shreveport yìí náà ni Jim Reeves ti gòkè. Àwọn àgbà wa kò nílò àlàyé lórí ìyẹn: ohùn Jim Reeves wà nínú rédíò wọn bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé. Ẹni tó bá sì fetí sí àwo Hank, tó gbọ́ gìtá tí Don Helms ń tẹ́ síwájú, tó ń fi irin yọ̀ lórí okùn kí ó máa ké bí ẹni tó pàdánù, yóò mọ̀ pé etí òun ti gbọ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ rí. Irú gìtá bẹ́ẹ̀ ni Dèmọ́lá Adépọ̀jù gbé wọ inú jùjú King Sunny Adé.)

Ní 1950 ni Hank bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun kan tí mo kà sí pàtàkì ju ọ̀pọ̀ orin rẹ̀ tó lókìkí lọ. Ó ń gba ìwàásù sínú àwo. Kì í kọ ọ́ lórin, ṣe ló ń sọ ọ́, tí orin ń rọra lọ lábẹ́ ọ̀rọ̀: ká má fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹni tó ṣubú, ká ṣọ́ ẹnu wa lórí ọmọlàkejì, ká rántí pé ẹni tó ń rìn kọjá yẹn lè máa gbé ìbànújẹ́ tí a kò rí. Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ Hank Williams kò sí lára àwọn àwo náà. Luke the Drifter ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò ju ọjà lọ. Nínú ilé ọtí, ẹ̀rọ orin kan wà tí èèyàn máa ń ju owó ẹyọ sí kó tó kọrin. Àwọn tó ni ẹ̀rọ wọ̀nyí a máa ra àwo Hank láìkọ́kọ́ gbọ́ ọ, nítorí wọ́n mọ̀ pé yóò pa owó. Bí ọ̀mùtí bá wá ju owó rẹ̀ sí i, tó ń retí orin tó máa jó sí, tó wá gbọ́ pé kó ronú lórí ìgbésí ayé rẹ̀, owó kejì kò ní wọlé mọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe pín ọkùnrin kan sí méjì. Hank ń ta, Luke ń sọ òtítọ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé gbogbo èèyàn gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má ṣe ìwàásù o. Wọ́n kàn ní kó wá orúkọ mìíràn, kó má bàa ba ọjà jẹ́. Mi ò rò pé àgàbàgebè ni Hank ṣe níbẹ̀. Mo rò pé Luke ló jọ ọ́ jù. Ẹni tó bá ń dé fìlà kan lọ síbi iṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, tó wá ń dé òmíràn lọ jọ́sìn, mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ̀yìn ń dùn ún, ọtí ń pọ̀ sí i. Ní òpin 1951 wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹ̀yìn náà, kò sì sàn bó ṣe yẹ. Nígbà tó di 1952, Audrey ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, Opry dá a dúró, wọ́n ní kó padà wá bó bá ti jáwọ́ nínú ọtí. Mi ò dá wọn lẹ́bi fún ìyẹn. Ẹni tí wọ́n ń retí tí kò wá, tó bá wá tí kò lè nàró, agbanisíṣẹ́ wo ló máa ní kó jókòó? Àwọn kan gbìyànjú lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Fred Rose, tí òun fúnra rẹ̀ ti bá ọtí jà rí, wà lára wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń jẹ lára orúkọ rẹ̀ ti pọ̀ ju àwọn tó ń bá a jẹun lọ.

Àsìkò yìí ló bọ́ sọ́wọ́ “dókítà” kan. Horace Marshall lorúkọ rẹ̀. Ọkùnrin yìí ti ṣẹ̀wọ̀n rí nítorí ayédèrú ìwé, ọdún 1951 ni wọ́n sì dá a sílẹ̀ ní Oklahoma. Rírà ló ra ìwé ẹ̀rí tó ń gbé kiri, kò kàwé fún un. (Ẹni tó bá ń gbé Nàìjíríà kò ní béèrè bí ìyẹn ṣe ṣeé ṣe.) Ó ní òun mọ bí a ṣe ń wo ọ̀mùtí sàn, ó sì ń kọ chloral hydrate fún Hank, oògùn líle tó ń múni sùn, tí kì í bá ọtí gbé inú ẹnì kan náà. Ẹni tó gbà á láti gba ọtí lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń fún un ní ohun tí ọtí lè fi pa á. Lẹ́yìn ikú Hank, ó tún kọ ìwé owó iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyàwó olóògbé.

Bí wọ́n bá ní kí n tọ́ka sí ibi tí ìdíbàjẹ́ ti burú jù nínú ìtàn yìí, ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa retí kí n dúró. Rárá. Oníjìbìtì ni, iṣẹ́ oníjìbìtì ló ṣe; kò sí ìgbà tí ayé kò ní irú rẹ̀. Ọ̀ràn tó le ni ti àwọn èèyàn rere tó tò síwájú gbọ̀ngàn ní New Orleans lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀pọ̀ nínú wọn bóyá láti ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ra ìjókòó síbi ẹ̀jẹ́ tí ọkùnrin kan àti obìnrin kan fẹ́ jẹ́ fún ara wọn. Hank fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, mi ò sì fẹ́ wẹ̀ ẹ́ mọ́. Kò sẹ́ni tó dè é lókùn. Àwọn tó ń ṣètò eré ló rí owó níbẹ̀, òun náà rí i. Ṣùgbọ́n ọjà kì í dúró bí kò bá sẹ́ni tó ń rà.

Ilẹ̀ tí gbọ̀ngàn yẹn dúró lé lórí tún mú mi ronú. Ẹ̀gbẹ́ Congo Square ló wà. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ibẹ̀ ni àwọn ẹrú ọmọ Áfíríkà máa ń kóra jọ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n fún wọn láyè, tí wọ́n ń lu ìlù, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń ta ẹ̀fọ́ àti oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ láti fi rí owó tiwọn. Àwọn tí wọ́n ti tà fúnra wọn nìyẹn. Ara wọn kì í ṣe tiwọn, ọmọ tí wọ́n bí kì í ṣe tiwọn. Ohun tó kù tí ọ̀gá kò tíì rí bí òun ṣe lè tà ni ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yẹn. Orin tó jáde láti inú irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ ló rìn títí, tó gba ọ̀pọ̀ ọwọ́ kọjá kó tó dé ọwọ́ Rufus Payne, tí Payne fi kọ́ ọmọ Lillie. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà tó ń ro ìyẹn. Ìlú tó ti rí i pé èèyàn ṣeé tà, kí ló máa sọ fún un pé ìgbéyàwó kò ṣeé tà?

Lónìí, tíkẹ́ẹ̀tì yẹn kò ní ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Olókìkí ń gbé ìgbéyàwó rẹ̀, oyún rẹ̀, ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀, òkú ìyá rẹ̀ pàápàá sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn oníṣòwò sì ń san owó ìpolówó bí iye ojú tó wò ó bá ṣe pọ̀ tó. Kò sẹ́ni tó ń dúró gbowó lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Wíwò tí à ń wò ó ni owó náà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè fi 1952 ṣe ìgbà tí nǹkan dára. Ìgbà tí àwọn kan dán an wò ni, tí wọ́n rí i pé ọ̀run kò ya.

Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn 1952, ó yẹ kó ṣeré ní Charleston, ní West Virginia. Yìnyín kò jẹ́ kí eré náà wáyé. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ ọdún tuntun, ìlú Canton ní Ohio ń retí rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ló ń wa Cadillac rẹ̀. Ní Knoxville wọ́n dúró sí hòtẹ́ẹ̀lì. Dókítà kan wá fún un lábẹ́rẹ́, fítámì pọ̀ mọ́ mọ́fíìnì, lẹ́yìn náà àwọn òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì gbé e wọ inú ọkọ̀, nítorí eré ọ̀la kò gbọdọ̀ bàjẹ́. Ní òwúrọ̀, ní ìlú Oak Hill, wọ́n rí i pé ó ti kú lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹni ọdún 29 ni.

Nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ ní Canton, èrò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ti pa òde eré jẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ikú rẹ̀ fi dà bí àwáwí. Ìgbà tí wọ́n rí i pé òótọ́ ni, tí àwọn olórin bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀kan nínú orin ìyìn tó ṣe, ni àwọn náà gbè é.

Ọjọ́ Àìkú náà ni wọ́n sin ín, ọjọ́ 4 oṣù kìíní 1953, ọ̀sẹ̀ 11 géérégé lẹ́yìn ìgbéyàwó. Gbọ̀ngàn ìlú ni wọ́n tún lò, ti Montgomery lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn tó wá pọ̀; iye tí wọ́n fojú bù wà láàárín 15,000 sí 25,000, púpọ̀ nínú wọn ò sì ríbi wọlé. Roy Acuff wá, Ernest Tubb wá, Red Foley wá, gbogbo wọn kọrin; àwọn àgbà Opry tó ní kó lọ ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn wá kí i pé ó dìgbà. Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Àwọn aláwọ̀ dúdú náà wá, wọ́n ní kí wọ́n gòkè lọ jókòó sí òkè níbi tí a yà sọ́tọ̀ fún wọn. Ẹgbẹ́ akọrin ìhìnrere kan tí gbogbo wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú sì kọrin níbi òkú rẹ̀. Kí wọ́n kọrin kò ṣòro; ibi tí wọ́n máa jókòó sí ni ẹjọ́.

Ọjà kò ṣọ̀fọ̀. Orin kan tó gbé jáde ṣáájú ikú, tí àkọlé rẹ̀ ń ṣàwàdà pé kò sí bí òun ṣe máa jáde láyé yìí láàyè, gòkè dé ipò kìíní lóṣù tó kú. Obìnrin méjì ló sì ń jẹ́ opó Hank Williams kiri orí pèpéle, Audrey àti Billie Jean, ẹnìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé Billie Jean gba 30,000 dọ́là, ó yọwọ́ kúrò nínú orúkọ opó náà. Ẹ wo ohun tí wọ́n dúnàádúrà lé lórí. Ilé kọ́, ilẹ̀ kọ́. Ẹ̀tọ́ láti jẹ́ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ni. Ìgbéyàwó mẹ́ta tí wọ́n ṣe láàárín ọjọ́ méjì kò sì tó láti fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀: wọ́n wá rí i pé ìkọ̀sílẹ̀ Billie Jean lọ́dọ̀ ọkọ àárọ̀ kò tíì parí lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ èèyàn. Di àwọn ọdún 1970 kí ilé ẹjọ́ tó wá sọ pé òun náà ni opó lábẹ́ òfin, nítorí pé wọ́n ti gbé pọ̀ bíi tọkọtaya.

Ẹnì kan wà tí kò sẹ́ni tó bi léèrè. Nínú oṣù kẹwàá 1952 kan náà, Hank ti fọwọ́ sí ìwé kan ní Montgomery. Obìnrin mìíràn, Bobbie Jett, lóyún. Ìwé náà la ẹni tó máa tọ́ ọmọ sílẹ̀, ó ní Lillie ló máa kọ́kọ́ gbà á, bàbá yóò sì gbà á tó bá yá. Nínú gbogbo ohun tí Hank fọwọ́ sí lọ́dún yẹn, èyí ni mo kà sí ìwà àgbà jù. Ọjọ́ 6 oṣù kìíní ni wọ́n bí ọmọ náà, obìnrin, ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìsìnkú. Lillie gbà á ṣọmọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Lillie kú ní 1955, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ nínú ẹbí. Ìjọba gbà á, wọ́n fi fún àwọn tó máa tọ́ ọ, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Gbogbo Alabama ń kọ orin bàbá rẹ̀, òun náà ń kọ ọ́ níléèwé láìmọ̀. Nígbà tó pé 21 ni owó kékeré kan láti inú ogún Lillie wá kàn án, tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè.

Ó bèèrè títí. Àwọn tí owó orin náà ń lọ sọ́dọ̀ wọn ní kò ní ẹ̀tọ́ kankan, pé ọ̀rọ̀ náà ti tutù, pé ó pẹ́ kó tó dé. Ó lọ sílé ẹjọ́. Ní 1989, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Alabama dá a láre, wọ́n ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹni tó jẹ́ pamọ́ fún un nítorí owó. Ó ti pé ẹni ọdún 36. Jett Williams ló ń jẹ́ nígbà náà, ó ti ń kọrin fúnra rẹ̀, àwọn tó ṣẹ́kù nínú Drifting Cowboys sì ń tẹ̀ lé e lọ sóde eré.